Oríkì Àgádágodo Ilé Ẹ̀kọ́ Girama

Àgádágodo o! Àgádágodo ẹnu ilẹ̀kùn láàbù, ẹnu ilẹ̀kùn láíbírì, ẹnu ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà, mo júbà. Mo júbà kí n tó la ẹnu, nítorí ẹni tó bá ní òun fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba láì kí ọ, ìta ni yóò dúró sí.

Akọ irin, ọmọ Ògún tí kò roko, tí kò ṣọdẹ.
Ọmọ Ṣáínà tó wọkọ̀ ojú omi dé Àpápá, tó wá joyè nílẹ̀ wa.
A-jókòó-lẹ́nu-ọ̀nà-jayé-inú-ilé.
A-ṣọ́-ìwé-má-kà-á.
Ọ̀gá tí kò ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ NCE, tí àjọ olùkọ́ TRCN kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tó ń pàṣẹ fún ẹni tó gba dìgírì méjì.

Púrínsípà ń bọ̀, púrínsípà ń lọ. Wọ́n ń gba tiránsífà, wọ́n ń fẹ̀yìn tì. Ìwọ ò gba tiránsífà rí. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì nítorí owó oṣù, ìwọ nìkan lo dúró lẹ́nu iṣẹ́, lójò lẹ́ẹ̀rùn, o ò bèèrè àjẹmọ́nú.

Ìran rẹ kì í ṣe ìran kékeré, àmọ́ ẹ ti jìyà rí. Ní 1979 tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bẹ́ńdẹ́lì, ọmọ pọ̀ ju yàrá lọ. Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́tùn-ún lósì ní Èkó, kí àwọn ọmọ má baà máa pín ara wọn sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán mọ́. Àwọn ẹlẹ́gàn ní ilé adìyẹ ló kọ́. Nínú àwọn yàrá náà ni èyí tí kò tilẹ̀ ní ilẹ̀kùn tí ìwọ yóò fi rọ̀. Ẹ wo ìwọ̀sí! Ọmọ wà, olùkọ́ wà, kò sí àgádágodo.

Ọlá rẹ wá búrẹ́kẹ́ nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ kékeré kọ́ iṣẹ́ irin, iṣẹ́ igi àti iná mànàmáná. Ìjọba àpapọ̀ ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, wọ́n di í sínú àpótí pákó, wọ́n pín in kiri. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, kò sí iná tí yóò gbé e, kò sí ilé tí wọn yóò tò ó sí, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Ta ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́? Ìwọ ni. O sì ṣe olóòótọ́. Ẹ̀rọ wà nínú wọn tí kò jáde nínú àpótí títí tó fi dógùn-ún.

Láàbù ni ààfin rẹ gan-an. Ọmọ tó ń ṣe WAEC nílé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pírátíkà kẹ́mísírì, físíìsì àti bàyọ́lọ́jì. Àwọn tó ń ṣe é láti ìta nìkan ni WAEC ń fún ní ìbéèrè orí ìwé dípò rẹ̀. Nítorí náà, bí ìdánwò bá ku dẹ̀dẹ̀, wọn a wá bẹ̀ ọ́. Kọ́kọ́rọ́, ìkejì rẹ, ẹni tí kì í gbélé, a ti bá igbákejì púrínsípà lọ sí ìpàdé ní mínísírì. Wọn a dúró dè é. Nígbà tó bá dé, wọn a fi òróró sí ọ lẹ́nu, wọn a fi òkúta gbá ọ lẹ́yìn díẹ̀, ìwọ a sì gbà bí ọba tó gba ẹ̀bẹ̀.

Ilẹ̀kùn á ké kooro. Òórùn ìgbẹ́ aláǹgbá á sọ sí wọn nímú. Aáyán ti jẹ bébà ara ìgò, kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ èyí tó jẹ́ ásíìdì nínú wọn. Ọmọ SS3 kan, tó ti ya àwòrán pípẹ́ẹ̀tì sínú nóòtù láti SS1, tó sì kùn ún dáadáa, á di ojúlówó pípẹ́ẹ̀tì mú nígbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Á fi ẹnu fà á bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Kó tó ka 25 cm³, ó ti gbé bíi síbí álíkálì kan mì. A dúpẹ́ pé wọ́n ti fi omi là á. Á tutọ́, á tún un fà. Olùkọ́ ní kó jẹ́ kí ásíìdì inú burẹ́ẹ̀tì máa kán tó, tó, tó, títí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ inú ìgò yóò fi pòórá. Ọmọ yí ẹnu burẹ́ẹ̀tì, ásíìdì ya wàà, àwọ̀ ti lọ kí olùkọ́ tó ní “rọra.” Òun náà nìyẹn tí yóò jókòó ṣe ìdánwò. Bí ìdánwò bá parí, ìwọ a padà sórí ìtẹ́, ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn.

Ti láíbírì kò gùn. Ìwé tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde fi ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, tí wọ́n ya fọ́tò sí, ikán nìkan ló ń kà á. Ikán sì ń kà á tán.

Ẹ jẹ́ ká dé pápá. Bọ́ọ̀lù aláwọ mẹ́ta wà lábẹ́ àṣẹ rẹ nínú sítọ̀ games master, wọn ò fẹ́ kó gbó. Ohun tí àwọn ọmọ ń gbá ni ọ̀rá tí wọ́n ká jọ, tí wọ́n fi okùn wé. Ọ̀kọ̀ jùjù àti òkúta irin ń rí oòrùn lọ́jọ́ intá-háàsì nìkan, ọjọ́ tí àwọn òbí ń bọ̀. Stephen Keshi àti Henry Nwosu gbá bọ́ọ̀lù fún St Finbarr's College ní Akoka, ilé ẹ̀kọ́ tí Fàdá Denis Slattery dá sílẹ̀ ní 1956, kí wọ́n tó gbá a fún Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ ìwọ ni games master wọn, ǹjẹ́ àwa ì bá rí Keshi tí yóò gba ife Áfíríkà bọ̀ gẹ́gẹ́ bíi kápútéènì ní 1994, àti gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì ní 2013?

Oyè rẹ tún kan géètì. Aago mẹ́jọ lù, o pa ẹnu dé. Ọmọ tó pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún á kúnlẹ̀, á gé koríko títí ìṣirò yóò fi parí: ìyà ẹni tó pẹ́ dé kíláàsì ni kó má dé kíláàsì rárá. Agogo nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Rímù ọkọ̀ ni, tó rọ̀ sára igi máńgòrò níta gbangba. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọmọ fi mọ̀ ọ́n lù.

Láti 2015 ni JAMB ti gbé ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì kúrò lórí ìwé pátápátá, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ ti ń ṣe é. Ìwọ náà gbọ́, o sì mú ẹ̀ṣọ́ le lẹ́nu yàrá kọ̀ǹpútà. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo mọ̀, olè gba òkè àjà wọlé lóru, ó kó kọ̀ǹpútà lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìwọ ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, o ò yẹsẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wá kọ́kọ́rọ́ kí wọ́n tó lè wọlé lọ wo òfìfo. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi àgádágodo kejì kún ọ.

Mi ò bú púrínsípà o. Àwọn tó ń ti mínísírì wá, ìwé ẹrù ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Maikirosíkóòpù márùn-ún la kó fún yín, márùn-ún rèé, ó dáa. Èyí tó bá fọ́, ẹnì kan á kọ ìwé wí tẹnu rẹ̀. Ọmọ tó bá jáde láìfojú kàn án rí, kò sẹ́ni tí wọ́n ń bi. Ta ni kò ní ti ilẹ̀kùn?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ní ìpàdé PTA tó ń bọ̀, kí ẹ tó dá owó tí wọ́n bá ní kí ẹ dá, ẹ bèèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ láàbù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kó lọ ṣí i lójú yín.