Nọ́ńbà Síìsì fún Àgbọ̀nrín

Àwọn fídíò ọdẹ Amẹ́ríkà ló kó mi sí i. Bí mo bá ti ti Apápá dé lálẹ́, tí eruku tírélà ti sọ mí di eégún, àwọn ni mo máa ń wò títí oorun á fi gbé mi lọ. Kò pẹ́, mo di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ìsọ̀ onípẹpẹsúùpù kan l'Ájẹ́gúnlẹ̀, mo dìde nàró, mo ní ìbọn tí kò bá gbé ọta .308, kí ẹnikẹ́ni má nà án sí àgbọ̀nrín. (Ìbọn 7.62 mílímítà, tí í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, wà lára èyí tí òfin ìbọn ọdún 1959 kà léèwọ̀ fún ará ìlú. N ò mọ̀ nígbà náà.) Bàbá tó ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru wà níbẹ̀. Ọmọ Ìbàràpá ni, ọdẹ ẹran ni kó tó di ọdẹ àdúgbò. Ó kàn ní, "Wàá bá mi relé ní Iléyá."

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì oníwèé àṣẹ ni Bàbá ní. Ọta rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan bíi ti fídíò. Hóró òjé ló kún inú kátíríìjì. Nígbà tí Iléyá dé tí a délé, ó ní kí n di àpò ọdẹ. Wọ́n kọ SG sára àwọn kan, wọ́n kọ 6 sára àwọn yòókù. Mo rò ó dáadáa: SG ò tilẹ̀ ní nọ́ńbà. Mo kó gbogbo 6.

Ìrọ̀lẹ́ ń lẹ́ nígbà tí akọ àgbọ̀nrín kan yọ létí odò, ó fẹ̀gbẹ́ kọ wá, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Bàbá na ọwọ́ sí mi láìbojú wẹ̀yìn. Mo gbé kátíríìjì lé e. Ó wò ó, ó dá a padà. Ó tún na ọwọ́. Mo gbé òmíràn lé e. Ó dá a padà. Mo rò pé èyí tó mọ́ ló ń fẹ́, mo bá fi ẹ̀wù nu ẹ̀kẹta kí n tó fún un.

Ìgbà yẹn ló tó wo ojú mi. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé àparò la wá pa ni?"

Mo ní kó ṣáà yìn ín bẹ́ẹ̀. Kò dáhùn. Mo dìde kí n lè tú àpò wò, àpò dojú dé, kátíríìjì sì ń yí gbirigbiri lọ lórí àpáta. Àgbọ̀nrín gbórí sókè, ó gbó mọ́ wa. Ó máa ń gbó lóòótọ́. Ó gbó lẹ́ẹ̀kejì, ó wá rìn wọgbó. Kò tiẹ̀ sáré.

Láàárọ̀, níwájú gbogbo ọmọ agboolé, Bàbá gbé páálí síwájú pákó. Ó yin 6: ihò kún páálí, pákó kàn ha díẹ̀. Ó yin SG: ihò kò pọ̀, ṣùgbọ́n pákó lu já. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni hóró ń kéré! Nínú áwúǹsì òjé kan, 6 jẹ́ nǹkan bí 270 hóró, ọ̀kọ̀ọ̀kan 2.6 mílímítà, SG jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan 8.4. Nọ́ńbà ẹnu ìbọn gan-an rí bẹ́ẹ̀: 12 túmọ̀ sí pé bọ́ọ̀lù òjé méjìlá tó ṣe rẹ́gí ẹnu rẹ̀ ló wọn páùn kan, nítorí náà 20 tẹ́ẹ́rẹ́ ju 12 lọ. Ta ló jókòó ro irú èyí?

Ohun tó ń bí mi nínú jùyẹn lọ ni àwọn tó mọ̀ pé 6 ò tó, tí wọ́n á ṣì yìn ín. Hóró á há sínú awọ àti ẹran, kò ní dé ọkàn, kò ní dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹran á sá lọ, egbò á kẹ̀, igún nìkan ló máa mọ ibi tó kú sí. Ẹni tó yìn ín á délé, á ní òun tàsé. Irọ́ ni! Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1991 ò gbà kí ẹnu ìbọn kéré sí .240 íǹṣì fún ọ̀pọ̀ ẹ̀yà àgbọ̀nrín wọn. Lábúlé yìí, ojú Bàbá ni òfin.

Kátíríìjì mi ò ṣòfò. Ó fi ẹyọ kan pa àparò méjì lọ́sàn-án, ó ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n tu ìyẹ́ wọn. Wọ́n sè é tán, mo bu itan jẹ, eyín mi ró gbà! Hóró òjé kan ló wà níbẹ̀. Bàbá ní kí n la ẹnu, ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

"Nọ́ńbà síìsì ti rí nǹkan pa," ó ní.