Àlejò Tó Ríran Ju Onílé Lọ

Àwọn baba wa ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ti àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ olùdarí òde òní. Ní tiwọn, àlejò nìkan ló ń ríran; onílé ni ojú rẹ̀ fọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́, bó sì ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ìfọ́jú náà ń le sí i. Ẹni tó ti lo ogún ọdún nínú ọ́fíìsì kan, tó mọ oníbàárà tó ń san owó àti èyí tó ń sá, tó mọ fáìlì tó sọnù àti ẹni tó sọ ọ́ nù, ẹni yẹn ò mọ nǹkan kan. Ẹni tó mọ̀ ni ọkùnrin tó ń ti Èkó bọ̀, tó ń wọ́ báàgì onítáyà lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń lọ ní Adó-Èkìtì. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ kan fẹ̀yìn tì. Wọ́n pe igbákejì rẹ̀, wọ́n ní kó máa ṣe adelé ná. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n sọ. Ó di ọdún kan ààbọ̀. Adelé ló ń bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jà, òun náà ló ń bá wọn parí ìjà. Òun ló ń lọ bẹ NEPA, òun ló ń wá owó epo jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò bá wọlé. Tí ìgbìmọ̀ bá ń ṣèpàdé, òun ló ń jábọ̀ fún wọn, wọ́n á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, a ń rí yín.” Lọ́jọ́ kan, ìpolówó jáde nínú ìwé ìròyìn pé a ń wá ọ̀gá àgbà. Adelé kọ̀wé. Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, níbi tí àwọn tó ti ń gba àbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún kan ààbọ̀ ti bi í pé kí ló mọ̀ nípa ilé iṣẹ́ náà.

Ẹnìkejì wọlé. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀, ó tan àwòrán sára ògiri, ó ní òpó mẹ́rin ni òun fẹ́ gbé ilé iṣẹ́ náà lé. Orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn ṣì wà nísàlẹ̀ òpó kẹta, torí ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ri àwọn òpó náà mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i. Ìgbìmọ̀ náà lójú.

Nígbà tó dé, ta ni yóò mú un yíká? Adelé ni. “Ẹ̀yin sà, ibí ni kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ wà. Ẹni tó ń pariwo yìí kọ́ ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Èyí tó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ yẹn ni.” Lẹ́yìn ọdún méjì, iṣẹ́ tó sàn jù yọjú ní Àbújá. Wọ́n se àsè ìdágbére fún ọ̀gá, wọ́n fi àwòrán ara rẹ̀ nínú férémù ta á lọ́rẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pe igbákejì: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe adelé. Oṣù mẹ́ta péré ni.”

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé owú ló ń jẹ mí, kó gbọ́ ti Matthew Bidwell, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò Wharton ní Amẹ́ríkà, tó yẹ ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ kan wò níbẹ̀, tó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2011. Àwọn tí wọ́n mú wá láti ìta ń gba owó tó fi nǹkan bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí wọ́n gbé ga láti inú ilé sí irú ipò kan náà. Ìwé ẹ̀rí wọn pọ̀ ju ti onílé lọ. Síbẹ̀, ní ọdún méjì àkọ́kọ́, iṣẹ́ wọn kò tó ti onílé, wọ́n sì tètè ń lọ, yálà wọ́n lé wọn ni tàbí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Kí wá ni owó orí owó yẹn wà fún? Owó ìfọ́jú ni. Òun la fi ń bọ́ àlejò títí yóò fi mọ ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́.

Ìyá oníyán kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ láti ná. Ọmọ tó kọ́kọ́ ń fọ abọ́, tó bọ́ sí ìdí odó, tó di ẹni tó ń bu ọbẹ̀, tí wọ́n wá ń fi àpò owó síkàáwọ́ rẹ̀, òun ni yóò gba ìdí ìkòkò lọ́jọ́ tí ara ìyá kò bá gbé e mọ́. Mi ò tíì rí oníyán tó polówó pé òun ń wá ẹni tó ti gún iyán ní London.

Wàhálà onílé ni pé kò mọ bí a ti ń ta ara ẹni. Ẹ wo akọ̀wé kékeré kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yunifásítì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ Gómìnà Ajásin dá sílẹ̀ ní Adó ní 1982. Orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi pe ilé ìwé náà. Ó di Ondo State University. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, ilé ìwé bọ́ sábẹ́ ìjọba mìíràn, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó di University of Ado-Ekiti. Ní 2011, wọ́n da ti Ìkẹ́rẹ́ àti ti Ìfàkì pọ̀ mọ́ ọn, ó di Ekiti State University. Ọkùnrin yìí kò dìde lórí àga rẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ní yunifásítì mẹ́rin nínú ìpínlẹ̀ méjì. Ká ní ó gbọ́n ni, bẹ́ẹ̀ ni ì bá kọ ọ́ sínú CV rẹ̀, wọn ì bá fi mọ́tò lọ gbé e wá láti ilé.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé Èkìtì kò mọ bí a ti ń gba ọ̀gá láti ìta. Àwa la gba èyí tó le jù. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ogun Kírìjì sì bẹ́. Ọmọ ilé ni Fábùnmi, ó mọ gbogbo òkè àti kòtò ibẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Èkìtì Parapọ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ Ìbàdàn kì í ṣe eré, wọ́n ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé ní kó wá ṣe olórí ogun. Ará Iléṣà ni, kì í ṣe ará Èkìtì. Ẹ sì wo ìrírí rẹ̀: ó ti gbé láàárín àwọn ará Ìbàdàn, ó mọ bí wọ́n ti ń jagun, ó ti bá wọn jà, òun fúnra rẹ̀ sì ti kógun wọ àwọn ìlú kan ní Èkìtì. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ kò nílò kọnsọ́tántì. Ara òrùlé tó jóná ni wọ́n ti ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Kò tètè dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, kò ní kí Fábùnmi máa lọ sílé. Fábùnmi àti àwọn balógun yòókù ń ja ogun náà lọ lábẹ́ rẹ̀, a sì lè sọ pé igbákejì tó mọ ilẹ̀ àti ọ̀gá tó mọ ọ̀tá pàdé ara wọn. Ogun Kírìjì kò ṣe é ṣẹ́gun wẹ́rẹ́. Oṣù kẹsàn-án 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ògèdèǹgbé ṣì wà níbẹ̀. Àbújá kankan kò yọjú sí i láàárín.

Ní ayé tiwa, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 2011. Níbẹ̀, kò sí onílé kankan, torí ilé gan-an kò tíì sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Chinedu Nebo, tó ti ṣe ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nsukka, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún. Ní 2013, ìjọba fi í ṣe mínísítà iná mànàmáná, ó lọ. Asuzu tẹ̀ lé e, Ṣórẹ́mẹ́kún tẹ̀ lé Asuzu. Ó di 2021 kí ipò náà tó bọ́ sọ́wọ́ Fásínà, ẹni tó ti ṣe igbákejì níbẹ̀. Èmi ò bínú sí ọdún mẹ́wàá yẹn. Ilé tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bímọ kó tó fi ọmọ jẹ olórí. Èyí tó ń bí mi nínú ni ilé tó ti bí ọmọ lọ bẹẹrẹ, tó ń pera rẹ̀ ní àgàn.

Onílé náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ohun tó fi wúlò nìyẹn, ohun tó sì fi léwu nìyẹn. Ewu yẹn la rí ní oṣù kẹjọ 2009, nígbà tí Sanusi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti First Bank wá di gómìnà Báńkì Àpapọ̀, yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Intercontinental wà nínú wọn. Báńkì wo ló wá ra Intercontinental lẹ́yìn náà? Access ni, báńkì kékeré tí Aig-Imoukhuede àti Wigwe ti GTBank wá gbà ní 2002. Àlejò pátápátá ni àwọn méjèèjì nígbà náà. Nígbà tí Aig-Imoukhuede yóò sì lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014, kò polówó. Wigwe, igbákejì rẹ̀, ló gbé e fún.

Ní Èkìtì tiwa, a ti rí ọ̀nà mìíràn gbé e gbà. Bí ipò bá ṣófo, àwọn ọ̀dọ́ ìlú á pe àwọn oníròyìn jọ, wọ́n á ní ọmọ wa ló kàn. Ta ni ọmọ wa? Ọkùnrin tí wọ́n bí ní Ajílósùn, tó lọ sí Kánádà ní ọmọ ogún ọdún, tí kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé géètì ilé iṣẹ́ náà sí apá kejì. Ọmọ inú ilé nìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti Kogí wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ti wá di àgbà gbogbo wọn, tó ń fi èdè Adó ná ọjà, tí oníyán ní Ìjìgbò ń tà fún láwìn, àlejò ni. Ọgbọ̀n ọdún kò tó fi wọlé. Ojú ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń wò. Ìtàn Adó fúnra rẹ̀ sì sọ pé Elésùn ló ń jọba níbẹ̀ kí Èwí Awámarò tó dé jọba. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ yẹn gùn o. Mo ṣì fẹ́ máa rí iyán rà.

A jà, ọmọ wa wọlé. Ìlù dún, wọ́n dá aṣọ ẹbí, ọba àti ìjòyè súre fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó pe àwọn igbákejì jọ, ó ní òun ti bá àwọn kọnsọ́tántì kan ní Èkó sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bọ̀ wá yẹ ilé iṣẹ́ náà wò, kí wọ́n lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún òun. Owó wọn kò kéré. Obìnrin ará Kogí yẹn nawọ́, ó ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, òun lè sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an, lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n ní kó jókòó.