Ó-Ṣì-Ń-Lọ

Bí ẹ bá gba àdúgbò Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde kọjá láàárọ̀, ẹ ó bá ọlọ́kadà kan níbẹ̀ tó ń nu táńkì ọ̀kadà rẹ̀. Aṣọ tó fi ń nù ún mọ́ ju ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ lọ. Ó nu táńkì tán, ó nu iná iwájú, ó nu ẹ́ńjìnnì níbi tí ojú èrò ń tó, ó mí sí dígí, ó nù ún, ó wá fi dígí náà wo eyín ara rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ra Bajaj yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí dígí náà ń ṣe fún un nìyẹn. Ó lẹ orúkọ Ọlọ́run mọ́ iwájú, ó lẹ Chelsea mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ ó rò pé ẹṣin ìdílé Balógun Kúkù ni wọ́n ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ de ọdún Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń gun ẹṣin lọ́jọ́ yẹn kì í jẹ́ kí pátákò rẹ̀ jẹrà nítorí pé èrò ìwòran kì í wo ìsàlẹ̀.

Èmi a máa wo ìsàlẹ̀. Lápá ọ̀tún, níbi tí aṣọ ìnukadà rẹ̀ kò dé rí, irin bíréèkì ẹsẹ̀ wà níbẹ̀. Lápá òsì, irin jíà. Àwọn méjèèjì ni ẹrẹ̀ pupa ọ̀nà Ìjagun ń dà bò lójò, àwọn náà ni eruku ń bò lẹ́ẹ̀rùn. Ó yẹ kí gíríìsì wà níbi tí irin bíréèkì ti ń yí lórí ọ̀pá tó gbé e dúró. Ní ti ọkùnrin wa yìí, gíríìsì tí wọ́n fi sí i nílé-iṣẹ́ ni ó ń bá a bọ̀. Òjò ti fọ̀ ọ́ lọ, iyanrìn ti wọlé, ìpẹtà ti gba ibẹ̀. Bí ó bá tẹ bíréèkì, irin á lọ sísàlẹ̀, kò sì ní padà sókè.

Báwo ni ó wá ṣe ń wà á? Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Sílípáàsì ló wọ̀. Á tẹ bíréèkì, ọ̀kadà á dẹwọ́ díẹ̀, á wá ki àtàńpàkò ẹsẹ̀ bọ abẹ́ irin náà, á fi gbé e sókè. Á tẹ̀, á gbé. Á tẹ̀, á gbé. Láti Ìbàdàn Gáréèjì dé Òkè-Àjẹ, àtàńpàkò ló ń ṣiṣẹ́ sípíríǹgì. Àtàńpàkò náà ti nípọn, ó ti dúdú, èékánná rẹ̀ ti lọ. Ó ti fi èékánná kan san owó gíríìsì, kò sì mọ̀. Bí ó bá gbàgbé láti gbé irin náà, bíréèkì á máa di táyà ẹ̀yìn mú bó ti ń lọ, ilé ṣúù bíréèkì á gbóná, ṣúù á máa jẹ, bẹntiróòlù á máa jó dànù. Á wá dé ilé epo, á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé wọ́n ń yọ nínú jálá òun.

Bí ó bá yá ọmọ àbúrò rẹ̀ ní ọ̀kadà náà, tí ọmọ ọlọ́mọ kò mọ̀ pé ìka ẹsẹ̀ ló ń gbé bíréèkì, tó sì forí sọlẹ̀, ohun tí yóò sọ ni pé: "Kò mọ ọ̀kadà mi í lò ni." Ó ń fi yangàn!

Ẹ sọ fún un. Ẹ ní, "Bọ̀dá, bíréèkì yín yìí ń há o." Yóò dáhùn láìbojú wẹ̀yìn: "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ṣì ń lọ."

Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ń lọ. Ìdúró ni a ń sọ, ìlọ ló fi ń dáni lóhùn. Mẹkáníìkì kìlọ̀ fún un: ó ṣì ń lọ. Ìyàwó rẹ̀ rí àtàńpàkò, ó figbe ta: ó ṣì ń lọ. Ó kó sí gọ́tà, wọ́n fà á jáde, ó gbọn ẹrẹ̀ dànù, ó ta kíìkì, ẹ́ńjìnnì dún, ó sì rẹ́rìn-ín sí àwọn tó yọ ọ́: "Ẹ ò rí i? Ó ṣì ń lọ." Gbogbo ohun tó ń pa èèyàn lójú títì ló ṣì ń lọ.

Ó ní àwáwí kéékèèké mìíràn. Mẹkáníìkì òun lọ ìsìnkú. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ti kó èrè jẹ. Àwọn ará Èkó ló ba iṣẹ́ jẹ́, àwọn tó sá wá síbí nígbà tí ìjọba wọn fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022. Ọlọ́run ló ń bá òun wà á. Bí Ọlọ́run bá ń wà á, ta ló wá ń gba owó?

Irú ọlọ́kadà bẹ́ẹ̀ náà ló dé igbá àti ike ọ̀dà sórí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní dandan ni kí ọlọ́kadà dé akoto. Ojú àwọn FRSC ni wọ́n dé e fún. Orí tó wà lábẹ́ igbá kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Bí ẹ bá wá fúngun mọ́ ọn, yóò ṣe é, èyí tó ṣe á sì burú ju èyí tí kò ṣe lọ. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí wọ́n fà jáde lára ẹ́ńjìnnì ni yóò dà lé ìdọ̀tí lórí. Iyanrìn á tún lẹ̀ mọ́ ọn. Díẹ̀ á ṣàn sórí ibi ìtẹsẹ̀, sílípáàsì á máa yọ̀; bí díẹ̀ bá sì wọ inú ilé ṣúù, bíréèkì tó ń há tẹ́lẹ̀ á wá di èyí tí kò mú rárá. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò le. Kí wọ́n tú irin náà, kí wọ́n fi kẹrosíìnì àti bùrọ́ọ̀ṣì fọ iyanrìn àti ìpẹtà kúrò, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n fi gíríìsì díẹ̀ pa ọ̀pá tó ń yí lé, kí wọ́n wo sípíríǹgì bóyá ó ṣì lágbára, kí wọ́n sì nu ojú ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kó má yọ̀. Kí wọ́n kán ọ́ìlì tuntun sí oríkèé irin jíà náà. Àsìkò tó fi ń nu táńkì láàárọ̀ méjì tó láti ṣe é.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Ìjagun, ẹ̀yin ìyá tó ń gbé ọjà bọ̀ láti Òkè-Àjẹ, ẹ má wo táńkì. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ ní kó tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, kó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí irin náà kò bá dìde fúnra rẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn.