Ọ̀dà Kárí
Ẹ bá mi kí gende àdúgbò wa tó fi ọ̀dà alágolo sọ ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ di ọ̀tun. Wọ́n ní kó fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò, kó fọ́n ọ̀dà náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kó tó fọ́n òmíràn lé e. Ó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn. Ọyẹ́ ń fẹ́, ni ọ̀dà bá kárí: irin gbà, agogo gbà, ṣéènì gbà, ògiri náà gbà. Agogo ò dún mọ́, ṣéènì ò yí mọ́, àmọ́ kẹ̀kẹ́ ń dán gbinrin lójú kan. Ìyá Onílé ṣì ń wá adìẹ funfun wọn kiri, adìẹ pupa kan ni wọ́n sì ń lé jáde lágbàlá. Ẹni tó bá fẹ́ kun kẹ̀kẹ́ lọ́dà nílé, kó tú u palẹ̀ ná, kó sì so adìẹ mọ́lẹ̀.