Oríkì Ẹ́sì, Ọba Onírù

Kábíyèsí, Ẹ́sì ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì!
Létà kan ṣoṣo tí ń dẹ́rù ba ọ̀jọ̀gbọ́n.
Arìn-kẹ́yìn tí ń gbowó iwájú.
Abá-he-rìn, abá-she-jẹun, abá-it-sùn.
'I' kí ọ títí, o ò dáhùn.
'They' pọ̀ bí èrò Ọjà Ọba l'Ádó-Èkìtì, o ò bojú wò wọ́n.
Ẹnìkan ṣoṣo lo mọ̀, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èmi, kò gbọdọ̀ jẹ́ ìwọ. Ẹni tí kò sí níjókòó, tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, òun lọ̀rẹ́ rẹ. Ọba olófòófó!

Ọmọ àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ lo ti gbéra kí o tó mọ Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n tẹ Bíbélì Ọba Jémíìsì ní 1611, 'eth' ló wà lórí ìtẹ́ nínú rẹ̀: 'goeth', 'cometh'. O yọ́ wọlé, o gbàjọba. 'Eth' di ará ṣọ́ọ̀ṣì, àfi bí bàbá ìjọ bá ṣí Bíbélì àtijọ́ la tó ń gbúròó rẹ̀. Ìwọ wọkọ̀ òkun, o gun òkè Èkìtì. Nígbà tí àlùfáà Dallimore dá ilé-ìwé tó di Christ's School sílẹ̀ l'Ádó ní 1933, o ti wà nínú ẹrù rẹ̀. (Èyí tó wà ní ìdí 'Christ' yẹn kì í ṣe ìwọ o, ìbejì rẹ tó ń ṣọ́ ohun ìní ni.)

Akin tí ń sá fún 'can'!
'Will' yọjú, o wọgbó.
'Must' húkọ́, a ò rí ọ mọ́.
'Does' dé, o bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, o fi 'go' sílẹ̀ ní ìhòòhò: 'Does he go?'
Onírọ́ tí ń jẹ́ ìsinsìnyí! Bọ́ọ̀sì tó máa gbéra lọ́la, o ní 'It leaves tomorrow'.

Ní àdúgbò Fájuyì l'Ádó, awakọ̀ takisí á ké pé 'This motor go Basiri!' Kò pè ọ́, kò sì wá ọ. Èrò wọlé, mọ́tò gbéra, Bàsírì kò ṣí kúrò níbi tó wà. Kò sẹ́ni tó sọnù lọ́nà nítorí rẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọmọ awakọ̀ yẹn kọ gbólóhùn bàbá rẹ̀ nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò WAEC! Nínú máàkì 50, 10 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú àṣìṣe kéékèèké bẹ́ẹ̀. Owó orí rẹ nìyẹn. Iṣẹ́ tí o ṣe tí o fi ń gbà á, mi ò tíì rí i.

Àfi ọ̀kan. Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó, tí wọ́n pa pẹ̀lú Ironsi, olórí ìjọba ológun tó jẹ́ àlejò rẹ̀, ní July 1966: bí ẹnìkan bá kọ 'Fajuyi lives', ìwọ lo gbé òkú akọni dìde. Ti èyí, mo dọ̀bálẹ̀ láìṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ fẹ́ ṣe WAEC, ẹ júbà kí ẹ tó mú bírò. Bí ẹ bá ti kọ 'he', 'she' tàbí 'it' fún ìsinsìnyí, ẹ yẹ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé e wò bóyá ọba ti jókòó. Bí 'does' bá ti gbé e lọ, tàbí tí 'can', 'will' tàbí 'must' bá ti lé e sá, ẹ má wá a mọ́.