Ẹsẹ̀ Wà, Ètò Ò Sí

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú ẹsẹ̀ wíwú, ẹ kú èékánná tó bọ́. Mo gbọ́ pé ẹ ti padà sí Peckham, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní "ṣé dáadáa lẹ dé?" ni ẹ ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ hàn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ilé kejì ti rí àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Kò sùn lóru ọjọ́ náà.

Èmi ò bá yín jà pé ẹ rin ọ̀nà Santiago de Compostela. Lọ́dún 2024 nìkan, àwọn tó gba ìwé-ẹ̀rí níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000, kò sì sí ẹni tó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ hàn mí nínú wọn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àìmúra yín lẹ wá sọ di oyè. "Mo kàn dìde ni." "N ò ka ìwé kankan." "Ẹ̀mí ló gbé mi." Ẹ̀mí wo? Fíìmù ni! Ẹ wo The Way, èyí tí Emilio Estevez ṣe lọ́dún 2010 tí bàbá rẹ̀ Martin Sheen sì jẹ́ olú òṣèré inú ẹ̀. Ẹ rí dókítà àgbàlagbà kan tó gbé báàgì ọmọ rẹ̀ tó kú kọ́ ẹ̀yìn, tó gun òkè láìṣe ìdánrawò kankan, ẹ ní kí ló dé tí tiyín ò ní rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, wọ́n sanwó fún Sheen ni o. Ẹ̀yin lẹ san tiyín.

Ẹ tiẹ̀ mọ ẹni tí ẹ lọ kí bí? Jákọ́bù ọmọ Sébédè ni. Ìyá ọkùnrin yìí ló lọ bá Jésù pé kí ó fi ọmọ òun méjèèjì jókòó, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, nígbà tí ìjọba rẹ̀ bá dé. Ìjọba ò tíì dé, ìyá ti ń pín àga! Ìdílé elétò lẹ lọ ṣàlejò sí. Jákọ́bù fúnra rẹ̀, ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Galicia, agbègbè tí Santiago wà, ni pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé òkú rẹ̀ dé èbúté ibẹ̀ láti ilẹ̀ mímọ́. Òun ò fẹsẹ̀ rìn.

Ó yá, ẹrù. Àwọn tó mọ ọ̀nà náà máa ń sọ pé báàgì ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n ẹni tó gbé e. Ẹni tó bá wọn kílò 80, kílò 8 ni tirẹ̀. Tiyín ńkọ́? Gàrí Ìjẹ̀bú. Ata gígún nínú agolo mílíìkì. Bíbélì méjì, ọ̀kan Yorùbá, ọ̀kan Gẹ̀ẹ́sì, bóyá nítorí ẹni mímọ́ tí kò bá gbọ́ ọ̀kan. Agbádá, nítorí ẹ ní èèyàn kì í wọ ìlú ẹni mímọ́ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Agbádá á máa rún, ni ẹ bá gbé áyọ́ọ̀nù. (Mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ yín wọ̀ yín níbí yìí: ní Haiti, Ògún ni wọ́n ń rí nínú àwòrán Jákọ́bù yìí, nítorí ẹṣin tó gùn àti idà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá irin lẹ mú lọ fún un.) Aṣọ òjò nìkan ni kò sí nínú báàgì, bẹ́ẹ̀ Galicia lẹ ń lọ, níbi tí òjò kì í ti í gba ìsinmi. Bàtà sì rèé, Sátidé lẹ rà á, ẹsẹ̀ òkè lẹ ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Òkè wo? Ẹ ò mọ bí òkè ibẹ̀ ṣe ga tó! Láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní ilẹ̀ Faransé dé Roncesvalles ní Sípéènì, ọ̀nà ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kìlómítà 25, ó sì gun àwọn òkè Pyrenees sókè ju mítà 1,200 lọ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n sọ fún yín ní ìlú pé ó nira, ẹ ní kò burú, ẹ ti gun Olúmọ rí. Ẹ̀gbọ́n, Olúmọ ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Ká sì ní ẹ lọ ní Fẹ́búárì bí ẹ ṣe kọ́kọ́ pinnu, ìjọba ibẹ̀ ti ti ọ̀nà orí òkè náà pa, torí yìnyín, láti 1 Nofẹ́ńbà títí di òpin Máàṣì. Òtútù Lọ́ńdọ̀nù tó sé yín mọ́lé lóṣù náà ló gbà yín. Mo gbọ́ pé ìyá àgbà ará Jámánì kan kọjá yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti padà lọ mú ọ̀pá rẹ̀ tó gbàgbé.

Ẹ dé ilé ìsùn àwọn arìnrìnàjò, èyí tí wọ́n ń pè ní albergue, nírọ̀lẹ́. Ẹ ní yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lẹ fẹ́. Bẹ́ẹ̀dì tó gun ara wọn ni wọ́n fi hàn yín, tòkè ló kù, aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n pa iná, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ gbogbo ènìyàn ti gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ wá ń ráhùn fún wa pé wọ́n ń hanrun. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ìyàwó wa ti sá fún lọ sí pálọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti kó dé ilé yẹn. Ẹ bi ọmọkùnrin ará Korea tó sùn nísàlẹ̀ yín wò, ẹ ò ní rí i, ó ti gbé ibùsùn rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná.

Ìléròrò tó gba gìgísẹ̀ yín, olùyọ̀ǹda ara ẹni kan ló fi abẹ́rẹ́ àti òwú gún un, ló fi oògùn pa á, ló dì í. Ó kọ̀ kò gba owó. Ẹ ní Ọlọ́run ló rán an. Bóyá. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò bá a ra abẹ́rẹ́: òun ló ti rà á kí ẹ tó dé, torí ó mọ̀ pé irú yín ń bọ̀.

Ibi tí ẹjọ́ mi wà gan-an nìyẹn. Àìmúra yín yìí, àwọn kan ló bá yín múra ẹ̀. Ọfà àwọ̀ ìyeyè tí ẹ tẹ̀ lé láti igi dé òkúta, láti òkúta dé ògiri, tí ẹ ní ọkàn yín ló ń darí yín: àlùfáà abúlé O Cebreiro kan, Elías Valiña, ló gbé ọ̀dà sínú mọ́tò ní àwọn ọdún 1980, tó ń kùn ún kiri lójú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ títí ó fi kú lọ́dún 1989. Ẹ̀yin wá dé, ẹ ní ẹ kàn dìde ni.

Ẹ sì tún ń gba àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn nímọ̀ràn lórí WhatsApp pé kí àwọn náà kàn dìde. Kí wọ́n dìde lọ síbo? Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó lẹ lè kàn dìde, ọjọ́ 90 nínú 180, láìtọrọ físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá di aláwọ̀ ewé tiwa mú, ẹ́ḿbásì á ti bá a ṣètò dé gọ́ńgọ́: ibi tó máa sùn, ìwé báńkì, ìnṣọ́ránsì, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, lẹ́tà ọ̀gá iṣẹ́. Tó bá kọ "Ẹ̀mí ló gbé mi" sí fọ́ọ̀mù, Ẹ̀mí náà ló máa gbé e padà sílé láti ẹnu ọ̀nà ẹ́ḿbásì.

Ìwé atọ́nà kì í kúkú ṣe nǹkan àná lójú ọ̀nà yẹn. Ní ọ̀rúndún kejìlá ni wọ́n ti kọ Codex Calixtinus, ìwé tó wà ní kàtídírà Santiago. Apá karùn-ún rẹ̀ ń sọ odò tó dára àti odò tó ń pani, ó sì ń bú àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gba owó ju bó ṣe yẹ lọ. Ó sọ ti àwọn ará Navarra méjì tó jókòó sétí odò Salado, tí wọ́n ń pọ́n ọ̀bẹ. Àwọn arìnrìnàjò bi wọ́n bóyá omi náà ṣeé mu, wọ́n ní kò burú. Ẹṣin mu ún, ẹṣin kú, wọ́n dìde wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ìkìlọ̀ tó ti lé ní 800 ọdún, ẹ ò kà á. Lọ́dún 2011, oníná kan tó ti ṣiṣẹ́ ní kàtídírà náà rí jí ìwé ọ̀hún gbé; ọdún 2012 ni àwọn ọlọ́pàá tó rí i nínú gáréèjì rẹ̀. Àní olè mọ iyì ìwé atọ́nà jù yín lọ.

Oúnjẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ò mọ̀ pé ọ̀sán gangan ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù abúlé Sípéènì ń tì, ẹ ò sì mọ̀ pé àwọn ilé oúnjẹ kì í dá iná alẹ́ títí aago mẹ́jọ á fi lù. Gàrí ló gbà yín, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gàrí. Ibì kan ṣoṣo tí ẹ ò nílò atọ́nà ni Ayegui, lẹ́bàá Estella, níbi tí iléeṣẹ́ Bodegas Irache ti fi ẹnu ẹ̀rọ méjì sára ògiri láti 1991: ọ̀kan ń da omi, ọ̀kan ń da wáìnì pupa, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé ibẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ ṣíwájú ẹnikẹ́ni láti ilẹ̀ Faransé.

Santo Domingo de la Calzada ńkọ́? Inú kàtídírà ibẹ̀ ni àkùkọ àti àgbébọ̀ ààyè kan wà nínú àgò lára ògiri. Ìtàn wọn ni pé wọ́n yẹgi fún ọmọkùnrin kan tí kò jalè. Àwọn òbí rẹ̀ padà dé, wọ́n bá a láàyè lórí igi. Wọ́n sáré lọ bá adájọ́, adájọ́ tó jókòó ti adìẹ yíyan ní tí ọmọ yẹn bá wà láàyè, a jẹ́ pé adìẹ inú àwo òun náà wà láàyè. Adìẹ dìde, ó kọ. Lọ́jọ́ tí ẹ dé kàtídírà náà, gbogbo èèyàn dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n ń wo àkùkọ, àwọn kan ń ṣe àmì àgbélébùú. Ẹ̀yin ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bóyá ata rodo ṣeé rí rà ní ìlú náà.

Ìyàwó wa ló sọ ti Meseta fún mi, ilẹ̀ títẹ́jú tó wà láàárín Burgos àti León, oko ọkà lọ́tùn-ún lósì, kò sí igi. Láti Carrión de los Condes dé Calzadilla de la Cueza, kìlómítà 17 ni èèyàn á rìn kó tó rí abúlé. Ẹni tó ka ojú ìwé kan ṣoṣo nípa ọ̀nà náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ omi kún ike. Ike kékeré kan lẹ mú, ó sì ti tán kí oòrùn tó mú. Ó ní fídíò lẹ fi pè é, ètè yín ti funfun, ẹ ń pín ilé Ìjẹ̀bú fún àwọn ọmọ. Ó ní òun kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni bọ́ọ̀sì wọ inú ọ̀rọ̀. Àwọn ará Sípéènì ní orúkọ fún ẹni tó ń fi takisí gbé báàgì, tó ń fi bọ́ọ̀sì gbé ara rẹ̀, tó sì so ìkarahun arìnrìnàjò mọ́ ọrùn: turigrino. Mi ò pè yín bẹ́ẹ̀ o. Mo kàn ń sọ pé ẹ wọ bọ́ọ̀sì ní León, ẹ sọ̀ ní Sarria. Òkúta tí ẹ gbé láti Peckham, pé ẹ máa fi lélẹ̀ ní ìdí àgbélébùú Cruz de Ferro, tí bọ́ọ̀sì fò, gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó ṣì wà nínú báàgì nígbà tí ẹ dé ilé. Ohun tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fúnni ní ìwé-ẹ̀rí ni kìlómítà 100 tó gbẹ̀yìn ní ẹsẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́ nínú ìwé arìnrìnàjò. Sarria sì jìnnà sí Santiago díẹ̀ ju kìlómítà 110 lọ. Ó péye. Láti ilẹ̀ Faransé lẹ ti rìn, a ò jiyàn. Bọ́ọ̀sì náà rìn díẹ̀.

Ẹ wọ Santiago. Agbádá jáde níkẹyìn, pẹ̀lú sílípáàsì, nítorí ẹsẹ̀ ò gba bàtà mọ́. Ẹ dúró ní kàtídírà, ẹ ń retí Botafumeiro, àwo tùràrí ńlá tó wọn bíi kílò 53, tí ọkùnrin mẹ́jọ ń fi okùn fì káàkiri. Kò mira. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fì í. Ó ní àwọn ọjọ́ àjọ̀dún tirẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ síta tipẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò lè kà á.

Mo wá rí ìwé ìpè tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá: ìdúpẹ́ ìrìnàjò, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àkànṣe láti ẹnu ẹ̀gbọ́n fúnra wọn, "Agbára Àìṣètò". Gbọ̀ngàn ti wà nílẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ẹ ti sanwó olórin, ẹ ti yan alága, ẹ ti ka àga. Aṣọ ẹbí ní àwọ̀ méjì, ti ọ̀rẹ́ lọ́tọ̀, ti ẹbí lọ́tọ̀, ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé wà níbẹ̀. Ẹ kọ aago tí àmàlà máa délẹ̀. Ẹ tún fi máápù sí i, pẹ̀lú àmì ọfà, kí àlejò má baà ṣìnà láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Mo mọ àdúgbò yẹn. Títì kan ni wọ́n á kàn kọjá.