Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Kọ Pátákó

Àwọn àgbà tí wọ́n sọ ọ́ di òfin pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Nítorí agboolé onílù ni a ti ń bí Àyánwálé, agboolé ọdẹ ni a ti ń bí Ọdẹ́wálé, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ méjèèjì tí yóò máa wá ìlù lọ sí ilé ọdẹ. Ṣùgbọ́n ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà márosẹ̀ Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, ọgbọ́n ti pọ̀ débi pé a ti dojú òwe náà dé: orúkọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ, wọn a gbé e kọ́ sókè lójú pátákó gàgàrà, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó máa wá ilé tí yóò jẹ́ ẹ.

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Jákàńdè, tí ó gba Ìkọtà kọjá sí Ajáh, tí ó sì tẹ̀ síwájú dé Ṣàngótẹ̀dó, yóò rí i pé orúkọ ìlú Faransé tàbí ti Ítálì ni ó ń ṣe ọba lórí ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọ́ kò tíì kó kúrò nínú rẹ̀. Irú lẹ́tà kan náà ni wọ́n sì máa ń fi kọ wọ́n: lẹ́tà onírù lórí àti lẹ́sẹ̀, tí ìlà rẹ̀ kan nípọn, tí èkejì sì tín-ín-rín, bí ọkùnrin bàǹtàbanta tí ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀.

Lẹ́tà yìí kò jẹ̀bi. Ọmọ ilé ire ni. John Baskerville ti ìlú Birmingham ni ó tún ìwé títẹ̀ ṣe tí ojú tákàdá fi ń dán, tí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ fi lè dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí ó sì di ìparí àwọn ọdún 1700, Firmin Didot ní Paris àti Giambattista Bodoni ní Parma gbẹ́ irin lẹ́tà débi tí ìlà tín-ín-rín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí ó nípọn. Ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé ńlá ni irú rẹ̀ ti rẹwà jù, níbi tí òǹkàwé jókòó jẹ́ẹ́ sí, tí ó ń fi ìka ṣí i ní pẹ̀lẹ́. Nígbà tí Vogue àti Harper's Bazaar, àwọn ìwé ìròyìn aṣọ ìgbàlódé, fi kọ orúkọ ara wọn, òórùn owó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Òórùn yìí sì ni àwọn olówò ilẹ̀ Lẹ́kkí gbọ́ tí wọ́n fi ń sáré tẹ̀ lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀rín ni pé, lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá já geere, tí dánfó ń sáré, tí eruku sì bo pátákó, ìlà tín-ín-rín a máa pòórá: ìdábùú H a sá lọ, òpó méjì tí kò bá ara wọn tan a ṣẹ́kù, apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta E a já, a sì dúró bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù gbé. Èyí gan-an ni ìwà òwò tí lẹ́tà náà ń polówó. Ohun tí ó nípọn ni ìlérí àti iye owó; ohun tí ó tín-ín-rín ni gọ́tà, iná, ọ̀nà àti ìwé ilẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń sọ pé ó ń bọ̀.

Ṣé kí a wá fi ti àmì sílẹ̀? Láti ìgbà tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ti pàdé ní Èkó ní ọdún 1875 láti fìdí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá múlẹ̀, ọmọ ilé ìwé mọ̀ pé Ṣàngótẹ̀dó àti Ẹlẹ́gúṣì kò gbọdọ̀ rìn láìní àmì nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń ya pátákó a ní lẹ́tà olówó iyebíye náà kò gba irú àmì bẹ́ẹ̀; bẹ́ẹ̀ sì ni àmì orí é ti Faransé kì í sọnù lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ẹ̀yin ará wa: ilẹ̀ Ẹlẹ́gúṣì wà níhòhò, àlejò ni a wá ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Òjò kò sì mọ lẹ́tà. Ọ̀sà wà lọ́wọ́ kan, òkun wà lọ́wọ́ kejì, àgbàrá kò sì ní òun ò ní í wó ilé, onílé ni kò ní gbà. LASAA, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ń bójú tó pátákó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pátákó ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ilé tí pátákó ń ṣe ẹlẹ́rìí fún.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi òfin lé lẹ́tà rere kúrò ní Lẹ́kkí. Kí a kàn pín iṣẹ́ fún un bí ó ti yẹ: kí ibi tí ó nípọn máa sọ fún wa bóyá ìjọba ti yọ ilẹ̀ náà kúrò lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, bóyá ìwé ilẹ̀ C of O wà, àti ibi tí omi yóò gbà lọ, bí àyè bá sì ṣẹ́kù, kí wọ́n wá fi ìlà tín-ín-rín kọ orúkọ ìlú òkèèrè náà, kí ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú kà á.